Ìbéèrè Yín Lórí Iṣẹ́ Ọnà: Òṣùwọ̀n Ta Ni A Fi Ń Wọn Ti Ta?

Nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, mẹ́rin ló dá lé ọ̀rọ̀ kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ wọ́n kò mọ ara wọn rárá: bí a ṣe ń fi iṣẹ́ ọnà Yúróòpù àti iṣẹ́ ọnà àwọn ẹ̀yà yòókù lágbàáyé wéra nínú ẹ̀kọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà. Ìbàdàn ni gbogbo wọn ti wá. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò, ṣùgbọ́n n kò yí ohun tí wọ́n béèrè padà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo fi àyè sílẹ̀ fún jù, nítorí pé òun ló gba àlàyé jù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ yín ni mo jẹ́, mo sì ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Olùkọ́ wa ní kí kálukú mú iṣẹ́ kan láti Áfíríkà àti ọ̀kan láti Yúróòpù, kí ó fi wọ́n wéra. Orí idẹ Ifẹ̀ ni mo fẹ́ mú. Ọ̀pọ̀ ìwé tí mo kà ló ń yin orí Ifẹ̀ nípa sísọ pé ó dára tó ti àwọn ará Gíríìsì àtijọ́. Inú mi kọ́kọ́ dùn, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mí lóminú. Ṣé ìyìn ni lóòótọ́? Báwo ni mo sì ṣe lè fi wọ́n wéra tí n kò ní sọ ọ̀kan di ọ̀gá èkejì? (Akẹ́kọ̀ọ́, Agbowó)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ohun tó ń kọ ọ́ lóminú yẹn ní ìtàn tirẹ̀, ó sì yẹ kí o mọ̀ ọ́n kí o tó mú bírò. Ní ọdún 1910, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí àwọn orí tí wọ́n fi amọ̀ sun, ó sì rí orí idẹ kan tí wọ́n ní ti Olókun ni. Iṣẹ́ náà yà á lẹ́nu débi pé kò lè gbà pé àwọn baba ńlá àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Gíríìsì ló ti tẹ̀dó sí etí òkun wa rí láyé ọjọ́un, àti pé ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni Atlantis, ìlú tí ìtàn àwọn Gíríìkì sọ pé òkun gbé mì. Kíyè sí i pé kò bú iṣẹ́ náà rárá. Ó yìn ín, ó sì fi ìyìn náà gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Felix von Luschan, ọmọ ilẹ̀ Austria tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé mùsíọ́mù ní Berlin, ṣe dáadáa jù ú lọ. Nígbà tí àwọn iṣẹ́ idẹ Bìní tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897 dé Yúróòpù, tí àwọn kan ń wá ẹni tí wọn yóò kà wọ́n sí lọ́rùn, ó sọ gbangba pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Bìní ni, àti pé Benvenuto Cellini, ògbóǹtarìgì alágbẹ̀dẹ wúrà ọmọ Ítálì, kò lè dà wọ́n dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyìn gidi nìyẹn, n kò sì ní bá a jà lé e lórí. Ṣùgbọ́n wo ẹni tí òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀: Cellini ni. N kò tíì ka ibi tí ẹnikẹ́ni ti wo iṣẹ́ Cellini kí ó ní ó dára tó ti Bìní.

Ohun mìíràn tí irú ìyìn bẹ́ẹ̀ ń bò mọ́lẹ̀ ni pé àwọn ará Ifẹ̀ kò fi ọ̀nà kan ṣoṣo ṣe orí. Ní Abírí, lẹ́bàá Ifẹ̀, wọ́n hú orí amọ̀ tó jọ ènìyàn gẹ́lẹ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìpéǹpéjú rẹ̀ pé, wọ́n sì hú òmíràn pẹ̀lú rẹ̀ tó rí ṣóńṣó, tó jẹ́ pé ihò lásán ló dúró fún ojú àti ẹnu. Ibì kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹni tó bá ń fi Gíríìsì wọn Ifẹ̀ yóò gbé ti àkọ́kọ́ sókè, yóò sì kọjá lára èkejì bí ẹni pé ọmọdé ló fi ṣeré. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń mọ ojú tó jọ ojú ló mọ̀ọ́mọ̀ mọ èyí tí kò jọ ọ́, ìdí tí wọ́n fi yàn bẹ́ẹ̀ sì ni ìbéèrè tó tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́. Òṣùwọ̀n Gíríìsì kò jẹ́ kí ìbéèrè náà tilẹ̀ wá sọ́kàn.

Ọ̀nà ìfiwéra tí olùkọ́ yín ní kí ẹ lò náà ní ẹni tó dá a sílẹ̀ bí àṣà. Heinrich Wölfflin, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló jẹ́ kí ó wọ́pọ̀ pé kí olùkọ́ máa tan àwòrán méjì sára ògiri lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wo ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwé tó fi to ìlànà rẹ̀ jáde ní 1915. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Yúróòpù ti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ti ìkẹtàdínlógún ni ó ń fi wéra. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì: ìsìn kan náà ni wọ́n ń ṣe, ìwé kan náà ni wọ́n ń kà, irú ènìyàn kan náà ló sì ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, nítorí náà ohun tí ojú rí lè tó láti fi dá wọn lẹ́jọ́. Bí o bá gbé ọ̀nà yẹn sáàárín Ifẹ̀ àti Florence, ìlú kan ní Ítálì, láìfi nǹkan kan kún un, ojú nìkan ni ìwọ yóò máa wò, ojú tó jọ èyí tí wọ́n ti kọ́ ọ láti fẹ́ràn ni yóò sì máa borí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o fi Gíríìsì sílẹ̀ pátápátá. Mú ọ̀kan nínú àwọn orí tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, kí o sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ère San Rossore, ẹni mímọ́ kan nínú ìsìn Kristẹni, tí Donatello, oníṣẹ́ ère ọmọ Ítálì, ṣe ní Florence ní nǹkan bí 1425, tó wà ní ilé mùsíọ́mù kan ní ìlú Pisa báyìí. Orí àti èjìká ni ère náà, kì í ṣe odindi ara. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n da àwọn orí Ifẹ̀, nítorí náà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra lọ́jọ́ orí.

Bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn méjèèjì lò: wọ́n fi ìda mọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n gbé e síná kí ìda yọ́ jáde, wọ́n sì da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Donatello da tirẹ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó tò ó pọ̀, ó sì fi wúrà bò ó. Odindi ni àwọn ará Ifẹ̀ da tiwọn, ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Àwọn mìíràn nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé, èyí tó ṣòroó dà ju idẹ lọ, nítorí pé bàbà tí a kò pò pọ̀ mọ́ nǹkan kì í ṣàn wọ inú kọ̀rọ̀ dáadáa. Ó wù mí kí o dúró pẹ́ níbí yìí, nítorí pé ibi tí ọ̀pọ̀ àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sáré kọjá ni.

Lẹ́yìn náà, béèrè ohun tí wọ́n fi wọ́n ṣe. Wọ́n ṣe San Rossore láti fi egungun orí ẹni mímọ́ náà pamọ́ sínú rẹ̀, fún àwọn àlùfáà ilé ìjọsìn Ognissanti. Àwọn orí Ifẹ̀ kan ní ihò wẹ́wẹ́ níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní ihò ní ọrùn; àwọn onímọ̀ kan ní adé ni wọ́n ń so mọ́ òkè, tí wọ́n sì ń kan ọrùn mọ́ òpó tàbí ara ère igi, àwọn mìíràn sì ní ibi ìsìnkú ọba ni wọ́n ti lò wọ́n. Bí àlàyé ti àkọ́kọ́ bá tọ́, a jẹ́ pé ọ̀kan ń gbé egungun, èkejì ń gbé adé, kò sì sí èyí tí wọ́n ṣe nínú méjèèjì kí àwọn àlejò lè wá máa wò ó nínú àpótí dígí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni àwọn méjèèjì bá ara wọn lónìí. Ìfiwéra tó jinlẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ọ̀gá nínú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni kí o tó wá wo ẹwà, kí o sì jẹ́ kí àwọn tó ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí wọ́n ń pè ní dáadáa. Fún Florence, Leon Battista Alberti kọ ìwé kan lórí àwòrán kíkùn ní 1435, ó sì sọ níbẹ̀ pé ohun tó ń wọ ọkàn ẹni tó ń wòran ni kí ìṣesí ara àwọn tí a yà máa fi ohun tó wà lọ́kàn wọn hàn. Fún ti wa, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960, ó ń gbé ère igi síwájú àwọn ìjòyè, àgbẹ̀ àti agbẹ́gilére, ó ń bi wọ́n pé èwo ló dára jù, kí ló sì dé tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n wí ló tẹ̀ jáde ní 1973. Wọ́n fẹ́ jíjọra, ìyẹn ni pé kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ẹnì kan pàtó jù. Wọ́n fẹ́ ìfarahàn, kí ojú, ẹnu àti ilà ara rẹ̀ hàn kedere. Wọ́n fẹ́ dídán, wọ́n fẹ́ gígún, wọ́n sì fẹ́ kí àgbàlagbà pàápàá dà bí ọ̀dọ́ nínú ère. Ṣọ́ra o: àwọn tí Thompson bá sọ̀rọ̀ ń sọ nípa ère igi ìgbà tiwọn, orí Ifẹ̀ sì ti pẹ́ nínú ilẹ̀ kí a tó bí wọn. Má kọ ọ́ pé bí ará Ifẹ̀ àtijọ́ ṣe ń rò nìyẹn. Kọ ọ́ pé bí àwọn tó jogún èdè wọn ṣe ń rò ni, kí o sì wò ó bóyá orí náà bá a mu.

Wò ó bí òṣùwọ̀n méjèèjì ṣe ń fa ojú síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. San Rossore ní irùngbọ̀n, iwájú orí rẹ̀ hunjọ, ìrònú sì hàn lójú rẹ̀. Orí Ifẹ̀ tutù, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, ìlà tín-ín-rín sì gba ojú àwọn mìíràn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá gbé ti Alberti dání wo Ifẹ̀ yóò ní ojú yìí kò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ti àwọn agbẹ́gilére wa dání wo Donatello yóò ní èyí ti jọ ẹnì kan jù, àti pé kí ló dé tí wọ́n fi ìhunjọ sójú ẹni ọ̀wọ̀? Kọ ẹjọ́ méjèèjì sínú àròkọ rẹ, kí o má sì dá a fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni máàkì wà.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olùdáhùn wa, mo kí yín. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo máa ń ka ojú ìwé yín, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹ máa ń ṣe ojúsàájú sí ti wa. Kò sí iyèméjì pé iṣẹ́ ọnà wa dára, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ní orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọnà wọn, wọ́n ní ọdún, wọ́n sì ní àkọsílẹ̀. Àwa kò ní. Báwo ni ohun tí a kò mọ ẹni tó ṣe é yóò ṣe jókòó ti èyí tí a mọ ẹni tó ṣe é, nínú ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní ìtàn? (Ẹni tó ń gbé Bódìjà)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ọ̀gá wa. Ìbéèrè yín ló le jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì gbà fún yín níbì kan: àkọsílẹ̀ wúlò, àìsí rẹ̀ sì ń dùn wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò parí sí àárín òyìnbó àti àwa. Giorgio Vasari, tí Yúróòpù ń pè ní baba ìtàn iṣẹ́ ọnà, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìgbésí ayé àwọn oníṣẹ́ ọnà Ítálì jáde ní 1550. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, Zhang Yanyuan ti kọ ìwé lórí àwọn ayàwòrán olókìkí ilẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ dé ìgbà tirẹ̀, ó sì parí rẹ̀ ní 847, nǹkan bí 700 ọdún ṣáájú Vasari. Bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ ni a fi ń mọ àgbà, Ítálì ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún Ṣáínà. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́, ẹ ó rí i pé wọ́n kó Ṣáínà, Bìní, Mẹ́síkò àti Íńdíà sábẹ́ orúkọ kan, bí ẹni kó ẹrù oríṣiríṣi sínú àpò kan ṣoṣo. Kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ níbẹ̀ ju pé wọn kì í ṣe ti Yúróòpù lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ní àwọn tí kì í ṣe ará Yúróòpù kò ní àkọsílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé àwọn wo ló ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí orúkọ. Ọlọ́wẹ̀ tó gbé ní Ìṣẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, èyí tó fi bí òyìnbó aṣojú ìjọba ṣe wá kí ọba hàn. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní London, ní 1924. Ilé mùsíọ́mù Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹni tó ṣe é wà láàyè, ọmọ ọdún àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni, gbogbo Èkìtì ló sì mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń kó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ ní ìgbà náà sábà máa ń kọ orúkọ ẹ̀yà àti ti ìlú sílẹ̀, wọn kì í béèrè orúkọ agbẹ́gilére. Bí a bá wá dé mùsíọ́mù tí a rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò mọ ẹni tó ṣe é, àìbéèrè ló fà á lọ́pọ̀ ìgbà.

Àkọsílẹ̀ tiwa sì wà lẹ́nu. Ní 1988, ọ̀mọ̀wé John Pemberton gba oríkì Ọlọ́wẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, Olójú-ifun, ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, oríkì náà sì dárúkọ àwọn ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún ti ń tẹnu mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ẹni tí kò bá gbọ́ oríkì kò lè ka iṣẹ́ ọnà Yorùbá ní àkàyé. Mo fara mọ́ ọn. Mo sì gbà pé oríkì máa ń pọ́n ènìyàn ju bó ti yẹ lọ, ó sì máa ń fi ọdún sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé Vasari náà kún fún àsọdùn, àwọn onímọ̀ ṣì ń tún un ṣe títí di òní, kò sì sẹ́ni tó tìtorí ìyẹn sọ ọ́ nù.

Ẹ tún wo apá kejì. Ta ló gbẹ́ àwọn ère òkúta tó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn ńlá Chartres ní Faransé? Orúkọ wọn ti sọnù, Chartres sì wà nínú gbogbo ìwé ìtàn iṣẹ́ ọnà. Ó wà láàárín ìwé, sí àyè rẹ̀ nínú ọ̀rúndún. Ìwé ìtàn iṣẹ́ ọnà tí E. H. Gombrich tẹ̀ jáde ní London ní 1950, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń kà jù lágbàáyé, fi orí Ifẹ̀ sí orí ìwé kìíní, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ya ẹranko sára ògiri ihò àpáta ní àtètèkọ́ṣe. Ifẹ̀ àti Chartres kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra ní ọjọ́ orí. Àìsí orúkọ kọ́ ló gbé Ifẹ̀ lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, nítorí pé Chartres náà kò ní. Ẹni tó ń to ìwé ló rò pé àwọn kan ń rìn síwájú, àwọn kan sì dúró sójú kan.

Ìbéèrè: Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́. Àdìrẹ ni mò ń tà. Ọmọ mi tó wà nílé ẹ̀kọ́ sọ fún mi pé nínú ẹ̀kọ́ wọn, àwòrán àti ère ni iṣẹ́ ọnà gidi, pé àdìrẹ wà lábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ta ló pín in bẹ́ẹ̀? (Ìyá Aládìrẹ, Gbági Tuntun)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, Ìyá Aládìrẹ. Wọ́n pín in ní Yúróòpù, kò sì tíì pẹ́ tó bí ọmọ yín ṣe lè rò. Ní 1746 ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Charles Batteux, kọ ìwé tó ka orin, ewì, àwòrán, ère àti ijó pọ̀ bí iṣẹ́ ọnà tó ga, tí a ń ṣe nítorí adùn, tó sì ya àwọn iṣẹ́ tí a ń ṣe nítorí ìlò sọ́tọ̀. Kí ìgbà náà tó dé, ayàwòrán ní Florence wà nínú ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn oníṣègùn àti àwọn tó ń ta egbòogi, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń ra kun. Aṣọ pàápàá ga ju àwòrán lọ. Nígbà tí Póòpù Leo Kẹwàá ní kí wọ́n hun aṣọ ògiri fún ilé ìjọsìn Sistine, tí Raphael sì ya àpẹẹrẹ tí àwọn ahunṣọ tẹ̀ lé, owó tó lọ sórí aṣọ náà ju èyí tí wọ́n san fún Michelangelo fún yíya àjà ilé kan náà lọ fíìfíì. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yín bá ń fi òfin ọdún 1746 wọn aṣọ tí ẹ̀ ń tà, ẹ sọ fún un pé òfin náà kò bá Raphael gan-an láyé.

Ní ti àdìrẹ, ẹ tú aṣọ kan tó ní àpẹẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó wà níbẹ̀, tí wọ́n tò ní ìlà, tí ṣíbí sì wà láàárín wọn. Ní 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, òpó ìwájú rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí Gíríìsì àti Róòmù máa ń nà, tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn láti máa fi sí ilé ìjọba níbi gbogbo tí wọ́n bá dé. Ìyá kan wò ó, ó po ẹ̀kọ láfún, ó fi ìyẹ́ adìẹ ya òpó náà sórí aṣọ funfun, wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, òpó Gíríìsì sì di ìlà funfun lórí búlúù, ó di ọ̀kan náà pẹ̀lú ṣíbí. Kò bìkítà fún èyí tó jìnnà àti èyí tó wà nítòsí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ya òkè tí ilé náà wà lórí rẹ̀. Ohun tó fẹ́ ni òpó, ó sì mú òpó. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ìfiwéra iṣẹ́ ọnà Yúróòpù àti ti wa, aṣọ yìí wà lára àwọn tó wù mí jù, nítorí pé níbẹ̀, àwa la ń wò, ti òyìnbó ni a sì ń wò. Bí olùkọ́ ọmọ yín bá gbà, kí ó fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, olùkọ́ tó ń kọ́ mi ní àwòrán yíyà máa ń ní orí àwọn ènìyàn tí mo bá yà ti tóbi jù. Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ náà ni ère Yorùbá ṣe rí. Ó ní àwáwí ni. Ta ló jàre? (Ayàwòrán, Mọ́kọ́lá)

Ìdáhùn: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ jàre jù. Vitruvius, ará Róòmù àtijọ́ tó kọ̀wé lórí ilé kíkọ́, ní orí ènìyàn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ gíga rẹ̀, òṣùwọ̀n yẹn ni wọ́n sì ṣì ń lò níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àwòrán lọ́nà ti Yúróòpù. Lára ère igi wa, orí sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí ipò tí orí wà nínú ìgbàgbọ́ wa. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ó bá ti kọ́kọ́ fi àáké lé igi. Ó ti pín igi náà sí orí, ara àti ẹsẹ̀ kí ó tó mú ọ̀bẹ. Bí orí inú àwòrán tìrẹ bá tóbi nítorí pé o kò wọ̀n ọ́n, má fi bo Yorùbá lórí.

Àríyànjiyàn yín kì í ṣe tuntun. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ yíya ènìyàn bí wọ́n ṣe ń yà á ní Yúróòpù, lásìkò tí àwọn òyìnbó gbà pé ènìyàn dúdú kò lè ṣe é. Ní 1906 ni ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage tó lókìkí. Ó lọ kọ́ ọ sí i ní London, ó padà wá, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Èkó ní bí ohun tó jìnnà ṣe máa ń kéré sí èyí tó wà nítòsí. Akitiyan rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba mú Kenneth Murray wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927 láti wá ràn án lọ́wọ́. Ìgbà tí Murray dé, ó ní kí àwọn ọmọ padà sí ère igi àti ìkòkò mímọ ilé wọn! Ọmọ Yorùbá ń jà fún ọ̀nà Yúróòpù, òyìnbó ń jà fún ọ̀nà wa. Mo gbà pé Onabolu mọ ohun tó ń ṣe: ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni bá a yan ohun tí ọwọ́ dúdú gbọ́dọ̀ máa ṣe. Nítorí náà, kọ́ ìdá mẹ́jọ títí yóò fi mọ́ ọ lára, lẹ́yìn náà o lè wá sọ ọ́ di mẹ́rin bí ó bá wù ọ́.

Kí o tó tún dá olùkọ́ rẹ lóhùn, lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Nínú Ilé Ìjọsìn Àjíǹde tó wà níbẹ̀ ni ère Jésù tó jíǹde tí Ben Enwonwu gbẹ́ wà; ọmọ agbẹ́gilére ni Enwonwu láti Oníṣà, Murray ló kọ́ ọ ní Government College níhìn-ín ní Ìbàdàn, ó sì tún kàwé ní London. Ilé ìjọsìn Kátólíìkì inú ọgbà kan náà ni Lámídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ní 1954. Mú pẹ́ńsù àti ìwé dání, tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ilé, fi ojú wọn orí sí gíga ara ní ibi méjèèjì láìfọwọ́ kàn wọ́n, kọ iye tí o bá rí sílẹ̀, kí o sì gbé e fún olùkọ́ rẹ.